Iṣẹ́ Tí Modinat Jẹ́

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fún ìyá rẹ̀, Zubaidah gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé wọn ní Ìrókò, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró ire nínú gbogbo agbo ilé náà.

Kò tíì sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń retí kó bú sẹ́kún kí wọ́n lè rí i gbá mú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn ọmọ náà le. Ọkàn rẹ̀ ò le, ara rẹ̀ ló kú. Bó bá di ife tíì gbígbóná mú, á tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ń jó òun lọ́wọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ wá lánàá, ó jẹ ẹ́ tán, kò sì lè sọ bóyá iyán ni tàbí ẹ̀bà.

Bàbá rẹ̀, Yẹ̀kínì, jókòó lódì kejì igi náà, wọ́n ń yin àgbàdo gbígbẹ sínú abọ́. Láàárín bàbá àti ọmọ ni àpótí ìyá rẹ̀ wà, èyí tí Ìyá máa ń jókòó lé bí wọ́n bá fẹ́ pe Zubaidah. Kò sẹ́ni tó gbé àpótí náà kúrò, kò sì sẹ́ni tó jókòó lé e.

Ọdún mẹ́fà nìyí tí àwọn méjèèjì ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí Zubaidah kó ẹrù kúrò nílé Mùtíù, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ni Bàbá ti búra pé ẹni tó bá fi ilé ọkọ sílẹ̀ láìbi àgbà, àwọn ò ní nǹkan í bá a sọ. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ ni, ì bá ti tán nílẹ̀ kí àgbàdo ọdún náà tó gbó. Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínì kì í tu itọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tún kó o lá, ọmọ náà sì fìwà jọ wọ́n. Modinat, ìyá ọmọ, ló wá ń ru ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Bàbá á ní, "Sọ fún ọmọ rẹ pé báyìí báyìí." Modinat á gbé fóònù lọ sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n á gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Zubaidah ní Alakia, n'Íbàdàn, lórí Wasáàpù. Èsì á dé, wọ́n á gbé e padà wọlé fún Bàbá. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà náà, Bàbá ò tẹ̀ lé wọn dé ìdí igi ọsàn rí. Ìgbà tí Modinat kú tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá síbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, Zubaidah ń padà sí Alakia. Bó bá lọ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ jáde láàárín wọn, ó mọ̀ pé ó parí nìyẹn, nítorí kò tún sí ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ mọ́. Nǹkan mìíràn sì tún wà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn, tí kò sì wá. Zubaidah mọ̀ pé òun ò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bi Bàbá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n ní nǹkan mọ́.

Fóònù dún. Safwan ni, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alakia. Zubaidah tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, ó gbé fóònù sílẹ̀ sórí ẹní kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè tẹ kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí Zubaidah, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n pè yín lásìkò yìí," Safwan ní. "Jacob, àgbẹ̀ Lagelu yẹn, ló tún pè. Ó ní ìkànnì wa sọ fún òun pé ewé ẹ̀gẹ́ òun ò ní àrùn kankan, oko sì ń kú lọ lójú òun."

Iṣẹ́ ìkànnì náà ò le yé ènìyàn. Àgbẹ̀ á ya fọ́tò ewé, á fi ránṣẹ́, ìkànnì á sì sọ ohun tó ń ṣe ewé náà fún un. Ohun tí àgbẹ̀ ò rí ni pé àwọn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, sáfà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba àlejò, kò sì mọ ewé yàtọ̀ sí bébà. Èkejì wà ní yàrá inú, ètò tó mọ àrùn ewé dunjú, tí kì í sì í fojú kan àlejò. Sáfà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò, á gbé e wọlé fún ètò, á dúró. Bí èsì bá jáde, á gbé e fún àlejò. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí èsì ò jáde, á sọ fún àlejò pé kó má bínú, ẹni inú ilé ò dáhùn. Àwọn méjèèjì ló ń kọ ohun tó bá kọjá lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wàhálà má baà sí.

Zubaidah ṣí àkọsílẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wá fọ́tò Jacob rí nínú ti ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò ńlá ni. Ó wá a rí nínú ti yàrá inú. Fọ́tò kan náà ni, wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ.

"Safwan, kí ló wà láàárín?"

"Èmi ni, Àǹtí. Àwọn fọ́tò yẹn ń wúwo jù, ètò ń pẹ́ kó tó dáhùn. Mo wá fi nǹkan kékeré kan sí àárín tí á máa dín wọn kù kí wọ́n tó wọlé. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan ti ń yára."

"Ó ń dín wọn kù títí àmì àrùn fi ń pa rẹ́. Ewé tó mọ́ ni ètò ń rí. Kò purọ́, ohun tí wọ́n gbé fún un ló ń dáhùn."

"Mo kàn fẹ́ kó rọ ètò lọ́rùn ni."

"Mo mọ̀. Yọ ọ́ kúrò. Ẹni ẹnu ọ̀nà ò ṣẹ̀, ẹni inú yàrá ò ṣẹ̀. Ẹni àárín ló ń gé e kù."

Safwan ní òun ti gbọ́, ó sì gé fóònù. Zubaidah wá rí i pé ìró àgbàdo ti dáwọ́ dúró. Bàbá di ṣuku àgbàdo kan mú, wọn ò yin ín.

"Ìyá Zubaidah," Bàbá ní, àpótí ni wọ́n kọjú sí. "Bi ọmọ rẹ. Ta ló rán ẹni àárín yẹn pé kó máa gé nǹkan kù?"

Ẹ má rò pé orí Bàbá ti ń dà rú. Ẹnu tó ti gba ọ̀nà kan fún ọdún mẹ́fà, ibẹ̀ náà ni yóò máa gbà, bí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ti lọ tán pàápàá. Zubaidah wo àpótí náà. Kò mọ ẹni tí òun yóò dá lóhùn.

"Kò sẹ́ni tó rán an," ó sọ fún àpótí. "Ó rò pé àánú lòun ń ṣe ni."

Bàbá gbé ṣuku náà sílẹ̀. "Bi ọmọ rẹ, iṣẹ́ wo ni ìwọ, ìyá rẹ̀, jẹ́ fún un nígbà tí mo rán ọ lẹ́ẹ̀mẹta yẹn?"

Zubaidah mú fóònù. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Ó wá ohùn tó gbẹ̀yìn, èyí tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Modinat tó kú, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Zubaidah mi, ṣé dáadáa lo wà? Bàbá rẹ ń kí ọ o. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kó o má ṣèyọnu, ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ ni kó o wá wò wá. Ara mi ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Má torí tèmi fi iṣẹ́ sílẹ̀ o."

Àkùkọ kan kọ nínú ohùn náà, lẹ́yìn Modinat. Àkùkọ náà gan-an ló ń ṣa àgbàdo jẹ lẹ́sẹ̀ Bàbá báyìí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí," Bàbá ní. Wọn ò wo àpótí mọ́, ojú ọmọ ni wọ́n ń wò. "Ní ọsibítù Mọ́níyà, wọ́n sọ fún wa pé ká gbé e lọ s'Íbàdàn. Ìyá rẹ ní òun ò bá ẹnì kankan lọ àfi ìwọ. Mo wá ní kó sọ fún ọ pé bó ò bá fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, o ò gbọdọ̀ dé ibí mọ́ láyé. Mo ní kó sọ fún ọ pé bó o ṣe já ọkọ sílẹ̀ lo fẹ́ já ìyá rẹ náà sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó jókòó sínú Zubaidah, kò sì rí ibi tó ti ń dùn ún.

"Ká ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé etí mi ni," ó ní, "lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá wá. Ǹ bá wá bá yín jà."

"Mo mọ̀. Ìjà yẹn ni mo fi ń pè ọ́."

Bàbá fọwọ́ nu ojú wọn. "Ó lé lógójì ọdún tí mo ti mọ̀ pé ìyá rẹ kì í jẹ́ iṣẹ́ bí mo bá ṣe rán an. Màá rán an níṣẹ́ ẹrú, á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi náà wá ń sọ ọ́ le, kí díẹ̀ lè ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tó ò wá, mo sọ ọ́ le sí i. Ìgbà kẹta ló le jù."

"Ìgbà kẹta yẹn ni Ìyá mi sọ ọ́ rọ̀ jù," Zubaidah ní.

Àgbà ló kọ́ wa pé bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, a sì máa ń yin ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Modinat ṣe é dójú àmì. Wọ́n yọ gbogbo ẹ̀gún inú ọ̀rọ̀ ọkọ wọn, wọ́n sì yọ ìkánjú mọ́ ọn. Ó yẹ kí inú bí Zubaidah sí ìyá rẹ̀. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i, ó sì dẹ́kun wíwá a.

Bàbá tún mú ṣuku mìíràn, wọ́n yin ín tán, wọ́n sì jù ú nù. Wọ́n tún kọjú sí àpótí.

"Ìyá Zubaidah. Sọ fún ọmọ rẹ pé mi ò bínú mọ́. Sọ fún un pé kó má lọ ní Mọ́ńdè."

Kò sí ìdáhùn. Bàbá ń dúró, Zubaidah náà ń dúró. Ó tó ìṣẹ́jú kan.

Zubaidah dìde lórí ẹní, ó lọ jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀. Oòrùn ti ń pa igi àpótí náà láti àárọ̀. Ó gbóná, Zubaidah sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó gbóná.

"Mo ti sọ fún ọmọ náà," ó ní, bí ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́. "Ó ní kí n kí yín. Ó ní òun ṣì ń bínú sí yín, láti ọdún mẹ́fà, inú náà ò sì tíì rọ̀. Ó ní òun ò lọ ní Mọ́ńdè mọ́."

Bàbá wò ó títí.

"Bó ṣe rán ọ nìyẹn?"

"Bó ṣe rán mi nìyẹn."

Bàbá mi orí pé ó dáa, wọ́n sì ti abọ́ àgbàdo náà sí àárín àwọn méjèèjì.