Ọ̀nà Etí Àbàtà

Ọ̀bẹ ni Gratien Valadier fi ń ha ọ̀dà kúrò lára òkúta nígbà tí Rosalie Fabrègues yọ sí i lẹ́yìn. Àmì pupa àti funfun tí Rosalie fọwọ́ ara rẹ̀ kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di èérún nínú koríko.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Rosalie ké mọ́ ọn. "Ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án!"

Bàbá náà ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó gbẹ, ó sì le bí ògiri òkúta tó dúró tì.

"Ògiri bàbá mi ni. Ibi tó bá wù mí ni mo lè ha." Ó tún fi ọ̀bẹ fà á, ṣárá. "Ibí yìí lo fẹ́ káwọn èèyàn máa gbà? Ibí? Ṣé orí rẹ pé ṣá?"

"Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wa ti ń rìn!"

"Ó dáa. Ìwọ máa kùn ún. Èmi náà á máa ha á. A ó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀."

Ó nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò, ó tutọ́ sílẹ̀ nítòsí bàtà Rosalie, ó sì padà sáàárín àwọn màlúù rẹ̀, àwọn màlúù pupa rúsúrúsú tí ojú wọn dà bí ojú ẹni tó lé tìróò.

Ọdún kejì ìjà náà rèé. Rosalie ló ń tọ́jú àmì ojú ọ̀nà láti ìlú Nasbinals dé ìlú Aubrac, ọ̀nà àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ibojì Jákọ́bù Mímọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, bàbá rẹ̀ ló sì fi í lé e lọ́wọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá ló dé orí òkè tó rí wáyà tó ń dán yinrin láti ẹ̀gbẹ́ kan pápá Valadier dé ìkejì. Orí òkè yẹn náà ló ti padà sílé. Kò sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ará ilé Fabrègues kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ará ilé Valadier. Bí nǹkan ti rí nìyẹn kí wọ́n tó bí i. Lọ́jọ́ kejì ló gbé ọ̀dà, ó sì yí ọ̀nà náà gba etí àbàtà. Nígbà ẹ̀rùn, ọ̀nà tó ṣe é rìn ni. Àmọ́ lọ́dún yìí, yìnyín pẹ́ kó tó yọ́, omi ṣì kún inú àbàtà.

Ó kúnlẹ̀, ó sì tún àmì náà kùn, èyí sì pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí ìyá àgbàlagbà kan fi dé, tòun ti ọ̀pá àti àpò ẹ̀yìn. Edwige lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tó ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀nà Aubrac nìyí?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé àmì mi. Ẹ má gba inú pápá yẹn o, ìkà èèyàn ló ni ín, ó ti fi wáyà dínà."

"Ìkà, lórí ilẹ̀ tó rẹwà báyìí?"

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, Màmá."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Rosalie gba apá kejì lọ láti kun àwọn òkúta tó kù. Kò tíì kun mẹ́rin tí kùrukùru fi wọ́ dé láti ìwọ̀-oòrùn, tó bo màlúù, tó bo ògiri, tó sì bo ojú ọ̀run. Atẹ́gùn tó bá a dé ń gún èèyàn létí bí abẹ́rẹ́. Ó kó agolo ọ̀dà rẹ̀, ó sì dorí kọ ilé.

Ìgbà tó dé etí àbàtà ló gbọ́ igbe. Igbe tó ti rẹ̀ ni, bíi ti àgùntàn tó ti ń pe olówó rẹ̀ láti àárọ̀. Ó rí ọ̀pá nílẹ̀. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá sí ọ̀pá náà, ìyá àgbàlagbà náà, Edwige, ti rì dé ìbàdí, ètè rẹ̀ ti di dúdú.

"Mo tẹ̀ lé àmì," ni ìyá náà ń sọ. "Mo tẹ̀ lé àmì."

Rosalie kó sínú àbàtà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún kó tó lè fa ara rẹ̀ padà. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìyá yìí béèrè. Ọwọ́ òun Rosalie ló júwe.

"Ẹ má mira, Màmá! Mò ń bọ̀!"

Ilé kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Ó sáré. Bó ṣe dé ẹnu pápá Valadier, ó na ọwọ́ kó fi ya wáyà náà, ẹ̀gún ì báà fa ọwọ́ rẹ̀ ya. Kò sí wáyà. Wọ́n ti ká a, wọ́n so ó mọ́ òpó. Okùn lásán ni wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn pápá náà, okùn tí ọmọdé lè tú. Kò ráyè dúró.

Gratien ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Kí ló kù tó o fẹ́ kùn? Ojú mi?"

"Ẹnì kan ti rì. Nínú àbàtà."

Ó wò ó. "Níbi àmì rẹ."

Bàbá náà ti gbé àkàbà àti okùn kọ́ èjìká. Ó ń bú Rosalie láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí àbàtà, ó bú bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó bú ọ̀dà, ó bú gbogbo ẹni tó ń rìnrìn àjò mímọ́. Ṣùgbọ́n òun ló dojú bolẹ̀ lórí àkàbà nínú omi tó tutù nini, òun ló wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, tó sì so okùn mọ́ ìyá náà lábẹ́ apá. Wọ́n fà á títí ọwọ́ Rosalie fi bó.

Nígbà tí wọ́n ti gbé ìyá náà síwájú iná ní ilé ìdáná Valadier, tí wọ́n sì ti fi aṣọ onírun wé e, Rosalie bá Gratien lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Wáyà yẹn ńkọ́?"

"Wáyà wo?" Ó ń wọ bàtà rẹ̀ padà, kò gbójú sókè. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ta á lọ́dọọdún, lásìkò tí àwọn abo màlúù bá ń bímọ. Bí abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá rí ajá arìnrìn-àjò, á pa èèyàn. Mo kọ ọ́ sára pákó. Ò bá ti kà á ká ní o sún mọ́ ọn." Ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàmù.

Edwige na ọwọ́, ó di ti Rosalie mú.

"Ìwọ lo gbà mí là, ọmọ mi. Ọkùnrin yẹn, Ọlọ́run á san ẹ̀san ìkà rẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló so okùn mọ́ mi. Gbogbo ibi tí mo bá sùn ni mo ti máa ròyìn rẹ̀: ọkùnrin tó dínà mọ́ àwọn tó ń wá Ọlọ́run, tó tì wá sínú ẹrẹ̀."

Ó rọrùn láti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò ju pé kéèyàn mi orí lọ. Rosalie wo iná.

"Kò dínà, Màmá," ó ní. "Èmi ni mo yí ọ̀nà gba àbàtà. Mi ò lọ bi í."

Ìyá náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, díẹ̀díẹ̀, ó sì kó o sábẹ́ aṣọ. Láti inú kùrukùru tó wà níta, ẹnì kan ń pe màlúù kan lórúkọ, ó ń rọ̀ ọ́ kó máa bọ̀ wálé, pẹ̀lú ohùn tó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí Rosalie fi kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ni, pé kì í ṣe Gratien.