Ẹni Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

"Ìyá Ọ̀gá, wá wo bẹ́ẹ̀dì yìí! Inú ògiri ló ti ń jáde wá!"

Ọkọ rẹ̀ ló ń pè é. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sókè, ó fa okùn kan lára ògiri, bẹ́ẹ̀dì kékeré kan sì rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹríba. Ó tì í padà, ó tún fà á. Àtúnṣe lífítì ni iṣẹ́ rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ń lọ sókè sódò máa ń dùn mọ́ ọn.

"Mo ti rí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó dára."

"Ó dára" yìí náà ló sọ nígbà tí wọ́n fi gbọ̀ngàn ìjẹun hàn wọ́n. Òun ló tún sọ nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀, níbi tí omi ti ń tú jáde lẹ́nu ẹja tí wọ́n fi ike ṣe. Kì í ṣe irọ́. Ó rí i pé ó dára, bí èèyàn ṣe ń rí i pé aṣọ dára lára ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ni wọ́n wà, èyí tó gúnlẹ̀ sí èbúté, tó ga tó ilé alájà mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ló ṣí i sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn kí àwọn tó bá fẹ́ kó ẹbí wọn gba ìsinmi lórí òkun lè wá fojú ara wọn rí i kí wọ́n tó yan yàrá. Ọkọ rẹ̀ ló ní dandan kí àwọn wá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ó ní, pàápàá alákàn tó ní ọmọ méjì tí kì í jókòó.

Àwọn ọmọ méjèèjì náà rèé. Ọ̀gá ni wọ́n ń pe èyí àgbà, tó jẹ́ obìnrin, torí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó rí roboto, ni Bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè gùn.

Ìgbà tí wọ́n bí Bọ́ọ̀lù ni nǹkan yìí ti bá ìyá wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Kì í sunkún. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé gíláàsì sí awò ojú. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn tọ́jú ilé títí onílé á fi dé. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, ó máa ń mọ̀ pé ẹ̀rín ló kàn, á sì rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, kò mọ orúkọ tó lè pe ohun tó ń ṣe é. Ìsinmi ló mọ̀ tó lè sọ.

"Bí atẹ́gùn òkun bá kàn fẹ́ sí ọ lára," ló máa ń wí, "wàá rí i pé ara rẹ á yá."

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, wà pẹ̀lú wọn, torí àwọn náà ni yóò bá wọn lọ kí ọwọ́ lè pọ̀ lórí àwọn ọmọ. Màmá dúró sáàárín yàrá, wọ́n di àpamọ́wọ́ wọn mú bí ẹni tó ń retí ìjì.

"Oríṣi yàrá mẹ́ta ni àwọn tó ní ọmọ kéékèèké máa ń yàn nínú rẹ̀," ni obìnrin tó ń mú wọn káàkiri wí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò sì tíì rẹ̀ láti òwúrọ̀. "Irú èyí tí a wà yìí, tó ní bákónì, èyí tó ní fèrèsé nìkan, àti èyí tó wà láàárín ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé rárá."

"Tí kò ní fèrèsé?" ni Màmá bi í. "Ṣé yàrá ni àbí àpótí?"

"Ó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn dáadáa, mà."

"Hẹn-ẹn. Àwọn ọmọ tí kì í gbélé jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ fẹ́ gbé lọ sórí omi."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọmọ wọn wí. "Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ."

Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọn ò lo pámpáàsì mọ́, ni wọ́n ń gbà.

"Èmi ò lò ó mọ́!" Ọ̀gá ké gbàjarè. "Bọ́ọ̀lù ló ń lò ó! Bọ́ọ̀lù kò lè wọbẹ̀!"

"A ti gbọ́, Ọ̀gá," ni bàbá rẹ̀ wí. "Gbogbo ọkọ̀ ló ti gbọ́."

Màmá ní àwọn fẹ́ wo ilé ìwẹ̀, kí àwọn mọ̀ bóyá ẹni tí egungun rẹ̀ ti gbó lè dúró níbẹ̀. Obìnrin náà mú wọn wọlé, Bàbá Ọ̀gá tẹ̀ lé wọn láti lọ wo bí omi ṣe ń gòkè. Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa tan iná. Ìyá Ọ̀gá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn bákónì wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, Bọ́ọ̀lù sì wà ní bákónì.

Àga kan wà níbẹ̀, àti tábìlì kékeré tó kangun sí ìdènà onígíláàsì. Bọ́ọ̀lù di ẹsẹ̀ àga mú, ó dìde. Ó gbé orúnkún lé e, ó mí fìn-ìn bí àgbà, ó sì gùn ún. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Láti orí àga ló ti na ọwọ́ sí tábìlì. Ìyá rẹ̀ rí ọwọ́ náà, ọwọ́ kékeré tó kún fún ẹran ara, tí egungun kò hàn nínú rẹ̀. Ó rí i tí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí tábìlì, tí ìkejì tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ á ṣú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú bàtà, kò sì sí ohun tó so òun àti ẹsẹ̀ náà pọ̀.

Bọ́ọ̀lù gbé àgbọ̀n lé irin tó wà lórí ìdènà. Ó wo omi. Ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Bàbá! Bọ́ọ̀lù ti gòkè! Sọ̀kalẹ̀, ìwọ Bọ́ọ̀lù! Mo ní kí o sọ̀kalẹ̀!"

Bàbá Ọ̀gá fò kọjá níwájú ìyàwó rẹ̀, ó fi apá gba ọmọ náà níkùn, àga sì ṣubú gbàmù. Bọ́ọ̀lù bú sẹ́kún torí wọ́n ba eré rẹ̀ jẹ́. Màmá dé, wọ́n di orí mú. Obìnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kò yẹ kí tábìlì wà níbẹ̀, ó ní wọ́n máa ń gbé e kúrò bí ọmọdé bá wà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá Ọ̀gá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"O ò rí i ni?"

"Mo rí i."

Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ló sọ, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó kù. "Kì í rí oorun sùn."

Wọ́n padà sí gbọ̀ngàn ìjẹun, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn àlejò ní tíì kí wọ́n tó yan yàrá. Obìnrin náà tẹ́ àwòrán àwọn yàrá sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n jọ sọ ọ́, òun ń bọ̀. Bàbá Ọ̀gá gbé Bọ́ọ̀lù lé itan, kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó ní kí wọ́n gbàgbé bákónì. Ó ní wàhálà lásán ni bákónì. Ẹni márùn-ún nínú yàrá tó ní fèrèsé, ó ní, wọ́n á kàn há díẹ̀ ni.

"Ẹni mẹ́rin," ni Ìyá Ọ̀gá wí.

"Márùn-ún ni wá. Ìwọ, èmi…"

"Ìwọ, Màmá, àti àwọn ọmọ. Èmi ò ní lọ."

Màmá gbé ife tíì sílẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́? Bó bá jẹ́ torí tèmi ni, kí èmi jókòó sílé."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, mà."

"Ìyá wo ló ń jókòó sílé kí ọmọ rẹ̀ wà lórí òkun?"

Ìyá Ọ̀gá ro ìbéèrè náà bí ẹni pé nípa ẹlòmíràn ni wọ́n bi í.

"Èmi, mà."

Bàbá Ọ̀gá gbé Bọ́ọ̀lù fún Màmá, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ mú àwọn ọmọ lọ wo ẹja tó ń pọ omi. Màmá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń wẹ̀yìn. Ọ̀gá ló ń júwe ọ̀nà fún wọn.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ọkọ náà sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Torí tìẹ la ṣe ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Má parọ́ fún mi. Ìgbà wo lo rí i?"

"Láti ìgbà tó ti di àga mú."

"Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Mo ń wò ó pé ó yẹ kí ẹnì kan pariwo."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. Kò rí ibi tó máa di mú níbẹ̀. "Ṣé mo ṣe nǹkan fún ọ ni? Sọ ọ́. N ò ní bínú."

"O ò ṣe nǹkan kan. Ká ní o ṣe nǹkan fún mi ni, ǹ bá máa bínú sí ọ. Ó wù mí kí n bínú." Ó yí ife lọ́wọ́. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo máa ń wá a. Mo máa ń wò wọ́n tí wọ́n bá sùn, kí n lè rí i bóyá nǹkan kan á ṣe mí."

"Ká fagi lé e nígbà náà. Kí gbogbo wa jókòó sílé."

"Bí gbogbo wa bá jókòó, ìwọ á máa ṣọ́ mi, èmi á máa ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Mo ti ń ṣe é tipẹ́, ó ti sú mi. Kó wọn lọ. Ọ̀gá ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ló máa wa ọkọ̀ náà. Èmi á lọ rí dókítà."

"Dókítà kẹ̀? Kí lo máa sọ fún un pé ó ń ṣe ọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Obìnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun padà dé, ó bi wọ́n bóyá ẹnu wọn ti kò. Ọkùnrin náà ti àwọn àwòrán náà síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Èwo ni ká mú?"

Ó wò wọ́n bó ṣe máa ń wo gíláàsì awò ojú, tó ń wá ibi tó sán. Ó fi ìka lé èyí tí kò ní fèrèsé.

"Eléyìí. Kò sí ohun tí Bọ́ọ̀lù máa gùn níbẹ̀ ju èèyàn lọ."

"Ẹ̀yin mélòó, sà?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ọkùnrin náà bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. "Ẹni mẹ́rin."

Láti ọjọ́ yẹn títí ìrìnàjò fi dé, imú ni Màmá fi ń dáhùn ìkíni ìyàwó ọmọ wọn. Ìyá Ọ̀gá di ẹrù àwọn ọmọ. Ó ká aṣọ wọn ní méjìméjì, ó kó oògùn ibà sápò ẹ̀gbẹ́, ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìgbàgbé ohunkóhun.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń lọ, èbúté kún fún èèyàn. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ya fọ́tò. Bàbá Ọ̀gá so Bọ́ọ̀lù mọ́ àyà pẹ̀lú okùn mẹ́ta, bí ẹni tó fẹ́ gun òkè. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ó kàn fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ léjìká. Màmá ti kọjá lọ, ni wọ́n bá yí padà, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú le.

"Lọ rí dókítà yẹn o. Má lọ jókòó sílé kí o máa wo ògiri."

"Ẹ ṣé, mà."

Láti orí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ni Ọ̀gá ti nàka sí i. "Ìwọ, dúró síbẹ̀ o! A ń bọ̀!"

Ìyá Ọ̀gá juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi wọlé. Kò sunkún, kò sì dúró de ìgbà tí ọkọ̀ á ṣí. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun mú un wọ yàrá kékeré kan, ó ní dókítà ń bọ̀, òun á kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè díẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín, mà?"

Ìyá Ọ̀gá la ẹnu. Ó rò pé kò ní sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Ọmọ mi gun tábìlì," ló wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Mo jókòó, mò ń wò ó."

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Níbo ni ọmọ náà wà báyìí?"

"Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti wà lórí òkun."

Ọkọ̀ á ti kúrò ní èbúté. Ọ̀gá á ti máa pàṣẹ fún ẹni tó ń gbé ẹrù. Bọ́ọ̀lù á wà láyà bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa jù sókè sódò, ẹsẹ̀ roboto náà, láìní ìbọ̀sẹ̀, torí kì í jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò wá èrò yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló dé.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà," ló wí, "ṣé òtútù máa ń mú lórí òkun?"

"Mi ò gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí o," ni nọ́ọ̀sì náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ lè pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n."