Gertrudes Méjì Nínú Ìwé Ìrìbọmi

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìyá tó bí ìyá àgbà mi, gbogbo ẹbí wa ní Fall River, ní Amẹ́ríkà níbí, sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Natália ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ aṣọ, kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, òkú ló wá ń hú kiri. Kí wọ́n máa sọ! Àwọn kọ́ ni màámi ń bi léèrè lójoojúmọ́.

Màámi, Deolinda, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Gertrudes, ìyá tó bí wọn, wọkọ̀ ojú omi láti erékùṣù São Jorge wá sí Amẹ́ríkà, kò sì sọ̀rọ̀ ilé rí títí tó fi kú.

“Natália, mo ti ń palẹ̀ mọ́ o,” màámi á ní. “Bí mo bá dé ọ̀run, orúkọ wo ni màá fi ní kí wọ́n bá mi pe ìyá ìyá mi?”

“Ẹ ò ní kú lónìí, màámi. Ẹ mu ọbẹ̀ yín.”

Àwòrán ìwé ìrìbọmi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì erékùṣù náà wà lórí kọ̀ǹpútà. Ìkọ̀wé àwọn àlùfáà ọjọ́un burú débi pé mo máa ń bú wọn sókè, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n mo rí i: Gertrudes, ọmọ Mateus àti Isaura, ọdún 1884, ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Mo pariwo! Láti orí Isaura ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo fi dé ìran kẹfà. Màámi há gbogbo orúkọ náà sórí, àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn dùn, inú tèmi náà dùn.

Àfi ìgbà tí Idalina, ọ̀rẹ́ mi tó mọ ìwé àtijọ́ kà bí ẹni mu omi, bi mí ní ọ̀sán Sátidé kan pé, “Ṣé o wo ìwé òkú?”

“Ìwé òkú kẹ̀? Ṣebí Fall River níbí ló kú sí.”

“Ìwọ náà! Bí ọmọ bá kú lọ́dọ̀ tiwa ní erékùṣù, orúkọ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń fún. Adelino kẹta ni bàbá tèmi.”

A ṣí i. Gertrudes, ọmọ Mateus àti Isaura, kú lọ́mọ oṣù mẹ́jọ. Idalina padà sínú ìwé ìrìbọmi.

“Gertrudes mìíràn rèé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ikú yẹn.”

“Isaura ló tún bí i?”

“Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ronú, jàre. Inú agbọ̀n ni wọ́n ti bá a lẹ́nu ọ̀nà Isaura. Wọ́n kọ ọ́ síbí: a kò mọ ìyá, a kò mọ bàbá.”

Wàrà ṣì wà lọ́mú Isaura, ló bá gbé ọmọ náà, ó fún un lórúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú. Ìran mẹ́fà tí mo kó jọ, a ò bá ọ̀kan tan nínú wọn!

Idalina ní kí n panu mọ́. Mo gbìyànjú, Ọlọ́run jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí màámi ń pe àwọn orúkọ yẹn láàárọ̀, ara mi á máa ta mí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wò mí lójú.

“Kí lo rí?”

Mo sọ ọ́.

“Isaura ṣeun,” ni wọ́n kọ́kọ́ wí. “Ẹni tó gbé e sínú agbọ̀n ńkọ́? Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Wọn ò kọ ọ́, màámi.”

“Wá a.”

“Kò síbi tí mo lè wá a sí mọ́.”

“Natália, wá a!”

“Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan, ẹ jọ̀ọ́!”

Wọ́n bú sẹ́kún. Mo dì wọ́n mú.

“Ìyá mi mọ̀,” ni wọ́n ń wí. “Ó mọ̀, ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ nìyẹn.” Wọ́n gbójú sókè. “Ìwọ tó o kàwé yẹn, ṣé obìnrin náà tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn nígbà tó ń lọ?”

“N kò mọ̀, màámi,” ni mo wí.