Iná Tó Ti Lọ́ńdọ̀nù Dé

"Má wọlé o," ni Sìlífátù wí láti inú yàrá, ṣùgbọ́n Bùsírátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè. Ó bá a lórí àpótí, gèlè wà nílẹ̀, gílóòbù pupa kan ń tàn sí i lórí.

"Sìlí, ṣé ẹyin lo ń sàba lé ni?" Irú iná bẹ́ẹ̀ ni àwọn olọ́sìn adìẹ ní Kọ́bapẹ́ fi ń mú ara òròmọdìẹ wọn móoru.

Sìlífátù ò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni Bùsírátù ti ń dirí fún un, lábẹ́ igi gúáfà ilé wọn ní Ìtòkú, lọ́jọ́ Alámísì kí Jímọ̀ tó dé. Òórùn àdín àgbọn á gba ibẹ̀ kan, àwọn ìyá á máa bú wọn láti ìdí ìkòkò aró, Sìlífátù á gbórí lé itan ọ̀rẹ́ rẹ̀, oorun á gbé e lọ. Ayé ìgbà yẹn dùn o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1984 tí à ń wí yìí, láti Iléyá ni kò ti gbé orí fún Bùsírátù dì mọ́, inú sì ń bí ìyẹn.

"Ta ló ń dirí fún ọ báyìí? Sọ ọ́, kí n mọ̀ pé a ti parí."

"Kò sẹ́nì kankan." Sìlífátù tẹ orí síwájú. Iwájú orí ti pá, ó ń dán. "Tòkunbọ̀ àbúrò mi ló mú iná yìí wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ó ń mú irun hù."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Dókítà tó bi lọ́hùn-ún ní oríkèé ríro ni wọ́n ń lò ó fún. Ti irun, kò tíì dá wọn lójú. Mo kàn ní kí díẹ̀ hù kó o tó rí i."

Bùsírátù fọwọ́ kan ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣùkú.

"Ọwọ́ mi ló fà á tu."

"Ẹnu mi ni. Ta ló ń sọ pé kó o dì í kó le, kó lè pẹ́? Ẹ̀rù bà mí pé bó o bá rí i, o ò ní dirí fún mi mọ́. Níbo ni mo wá fẹ́ gbórí lé?"

Bùsírátù tú gèlè tirẹ̀. Orí tòun náà ti pá dé àárín.

"Sún díẹ̀," ló wí, ó sì jókòó tì í lórí àpótí.