Ẹ̀yìn Etí Ọmọ Onídìrí

Ẹni tó bá ní onídìrí yìí ò mọ orí ọmọ tó bí, ìjà ló ń wá. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń dirun. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀, ọlọ́dún méje, ń sunkún pé ẹ̀yìn etí ń dun òun, ìyá ti mọ ohun tó fà á kí ọmọ tó sọ̀rọ̀ tán.

"Irun yẹn ni. Mo dì í le jù."

"Màámi, kì í ṣe irun."

"Ta ni onídìrí láàárín èmi àti ìwọ?"

Ó tú ẹsẹ̀ irun méjì, ó fi òróró pa ibẹ̀, ó sì da ìyókù irun bò ó. Òótọ́ ni pé etí yẹn tú ọyún lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí wọ́n sì fún un lóògùn ọjọ́ mẹ́wàá nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ọyún dá. Etí ti gbẹ, kí ni wọ́n tún ń lo oògùn fún? Ìyá ti ìyókù oògùn sẹ́yìn dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta tí ọmọ ti ń sunkún, nọ́ọ̀sì kan wá dirun ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì orí rẹ̀ ti wà ní dídì, ìdajì rí wúruwùru. Inú dígí ló ti ń wo ọmọ tó sùn sórí bẹ́ǹṣì. Lójijì ló fò dìde, kóòmù há sínú irun rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó! Etí kan ti yọ síwájú ju ìkejì lọ."

Ó ká irun ọmọ sókè.  Ẹ̀yìn etí ti wú, ó pọ́n, ó gbóná bí irin tó fi ń na irun.

"Egungun ni kòkòrò àìsàn ti wọ̀ yìí. Ẹ gbé e, ká lọ."

"Irun yín ńkọ́?"

"Ta ló ń sọ ti irun mi?"

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ọyún tí oògùn ọjọ́ mẹ́rin ò pa tán ti wọ egungun ẹ̀yìn etí, egungun ti ń jẹrà, díẹ̀ ló kù kí ọyún dé ọpọlọ. Iṣẹ́ abẹ ni, lójú ẹsẹ̀. "Ká ní ẹ dúró dọ̀la..." 

Onídìrí fọwọ́ bo orí ọmọ rẹ̀. Ọpọlọ kẹ̀? Irun lòun rò!

Wọ́n mú abẹ wá láti fá ẹ̀yìn etí. Ó ní kí wọ́n fún òun, òun lòun mọ orí ọmọ òun. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé wọ́n rọra gba abẹ padà.

Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó síta, tí ó ń bẹ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, báńdéèjì ti bo ìdajì orí ọmọ náà. Ó rọra lajú.

"Màámi."

"Mo wà níbí, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ti gbà báyìí pé kì í ṣe irun?"