Ọwọ́ Alápatà Nínú Ọgbà Màlúù

Ọdún kẹfà rèé tí Fàtáì ti ń pa irọ́ kan ṣoṣo fún ẹnì kan ṣoṣo. Kì í ṣe òpùrọ́ ènìyàn. Irọ́ náà kò ju èékánná lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ará Íńdíà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn nínú ilé gíga tí wọ́n ń gbé ní Weston, nílùú Toronto ní Kánádà, Uncle Harish ni gbogbo ilé ń pè é, ló bi í lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Fàtáì gbójú sókè, ó rí àwòrán màlúù funfun tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lókè ilẹ̀kùn bàbá náà. Ó rántí pé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kì í pa màlúù. Ó ní, “Iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe, sà.”

Alápatà ni Fàtáì. Alápatà ni bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn, alápatà ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran hàlálì lẹ́yìn ìlú Toronto ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń wẹ̀ kó tó kọrí sílé, kí òórùn ẹran má baà tẹ̀ lé e wọ ilé. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, Lateefat, tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, Uncle Harish àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná wá lójoojúmọ́, ogójì ọjọ́ gbáko. Ẹnu wo lèèyàn máa fi sọ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ pé màlúù lòun ń dúńbú jẹun?

Ìyàwó Uncle Harish kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fi ń bọlá fún màlúù ní tẹ́ḿpìlì wọn wá pé, bàbá náà kan ilẹ̀kùn. “Fàtáì, mi ò rẹ́ni bá mi lọ mọ́. Ṣé wàá sìn mí?”

Báwo ló ṣe máa sọ pé rárá?

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Lateefat. “Bàbá Aishah, ẹ̀yin náà? Ẹ fẹ́ lọ kí màlúù kú ọdún? Ẹ rọra o, kí wọ́n má lọ dá yín mọ̀!”

“Pa ẹnu dé jàre.”

“Ẹ má ṣáà wo itan wọn. Mo mọ̀ yín. Ẹ ò lè rí màlúù kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka kílò.”

Tẹ́ḿpìlì náà wà létí ìlú, níbi tí ilé gíga ti tán. Wọ́n bọ́ bàtà, Uncle Harish lu agogo, ó foríbalẹ̀. Fàtáì dúró ti ògiri, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ sílé tí kò dé rí. Bàbá náà fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. “Ìwọ ṣáà máa wò. Ọlọ́run tìrẹ kò ní bínú.”

Ọgbà onígi kan wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì. Màlúù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èyí tó dàgbà jù funfun bí ẹfun, Gaurí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n fi atalẹ̀ pupa kùn ún níwájú orí. Àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹ, wọ́n gbé abọ́ dání: búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ṣúgà dúdú, ọkà àlìkámà. Ẹni tó bá fún un tán á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fọwọ́ náà kan orí ara rẹ̀. Nígbà tó kan Fàtáì, màlúù náà lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Láti ogún ọdún, kò sí màlúù tó dúró níwájú rẹ̀ tí òun kò mọ wákàtí tó máa kú.

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Bó ṣe ń wò ó ló rí i pé nǹkan ń ṣe é. Gaurí kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ikùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sì ń ga bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù.

“Uncle, ẹ ní kí wọ́n má fún un lóúnjẹ mọ́. Ọkà yẹn ti ń hó nínú ṣàkì rẹ̀.”

Uncle Harish lọ sọ fún ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, òun ni olórí ọgbà náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ọjọ́ rẹ̀ lòní. Ẹ jẹ́ kó yó.”

Kò pẹ́ sí i tí Gaurí kérora. Wọ́n dá orin tí wọ́n ń kọ dúró. Wọ́n pe dókítà ẹran lórí fóònù, ó ní òun wà nílùú Oakville, ó di ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí òun tó dé.

Fàtáì ní, “Kò ní lò tó ogún ìṣẹ́jú mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa rìn. Ẹ kọ orí rẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga. Ẹ wá òróró tá a máa rọ sí i lẹ́nu.”

Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí Uncle Harish. Pàbó ló já sí. Ẹ̀gbẹ́ òsì màlúù náà ti ga ju ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

“Ó ku ohun kan,” Fàtáì wí. “Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ tó ṣóńṣó lẹ́nu.”

Obìnrin àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ fọhùn. “Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe lára ìyá wa? Ṣé dókítà ẹran ni ọ́ ni?”

N'Íbàdàn, bí inú màlúù bá wú nínú ọkọ̀ àwọn Gàm̀bàrí, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ọjà máa ń pariwo: “Ẹ pe alápatà!” Bí alápatà bá sì dé, ẹni tó ni màlúù gan-an á yà fún un. Ta ló tún mọ inú ẹran tó o? Ohun tó wà lọ́kàn Fàtáì nìyẹn tó fi la ẹnu.

“Alápatà ni mí. Mo mọ ibi tí wọ́n ń gún kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, bàbá mi ló kọ́ mi.”

Ó rò pé wọ́n á yà. Wọ́n yà lóòótọ́. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra. Ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì pupa bọ́ sáàárín Fàtáì àti màlúù náà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Uncle Harish yíjú sí Fàtáì. “Iṣẹ́ oúnjẹ,” ló wí.

“Uncle, ẹ bínú sí mi lọ́la. Kódà ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gún un báyìí.”

“Ọwọ́ yẹn kò ní kàn án,” ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì náà dáhùn.

“Ọwọ́ tèmi ńkọ́?” Uncle Harish bèèrè.

Wọ́n gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé èso wá fún un. Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀bẹ náà mú. Wọ́n ní kí Fàtáì dúró lẹ́yìn igi ọgbà, ẹnu nìkan ni kó lò.

“Láàárín ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, sà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn! Ẹ tì í wọlé.”

Ọ̀bẹ kan awọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ. Bàbá náà fà sẹ́yìn. “Mò ń ṣe é léṣe.”

“Ẹ tún un tì, Uncle. Ẹ má ṣàánú rẹ̀! Awọ màlúù le, gbogbo agbára yín ni kẹ́ ẹ fi sí i.”

Ó tún un tì. Omijé ti bo ojú rẹ̀, kò rí ibi tó ń gún mọ́. Lẹ́yìn igi ọgbà, ọrùn ọwọ́ Fàtáì ń yí nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń gún nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti màlúù náà. Bó bá fo igi náà, wọ́n á dì í mú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá wọ́n á tún ti bàbá arúgbó yẹn ṣubú. Kò fò ó.

Orúnkún Gaurí yẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, òdòdó ọrùn rẹ̀ fọ́n ká. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ahọ́n rẹ̀ jáde, kò mí mọ́.

Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó dí Fàtáì lọ́nà mọ́. Ó wọlé, ó lóṣòó ti Uncle Harish lórí ilẹ̀ tútù náà. “Innā lillāhi” dé ètè rẹ̀, kò mọ̀ bóyá wọ́n ń sọ ọ́ fún màlúù, ó gbé e mì.

“Bóyá ká ní mo gbé ọ̀bẹ fún ọ,” bàbá náà wí.

“Ó ti pẹ́ jù tẹ́lẹ̀, sà. Èmi náà kì bá rí i ṣe.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Bàbá náà mi orí. Ó dà bíi pé ara tù ú díẹ̀.

Mọ́tò dókítà ẹran yà wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó wọ bàtà róbà, ó sáré kúnlẹ̀. Fàtáì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó wù ú kó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ nǹkan kan nípa ojú ọgbẹ́ náà níwájú bàbá yẹn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ta ló gún un?” ọmọbìnrin náà bèèrè. “Ibi tó yẹ gan-an ni. Ká ní ó wọlé tó ìka kan sí i ni, afẹ́fẹ́ ì bá jáde, ì bá sì yè.”

Uncle Harish yí ojú rẹ̀ sí Fàtáì. Fàtáì kò lè gbé orí sókè.