Svetozar àti Ihò Orí Òrùlé

Svetozar, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ra ọkọ̀ oníbùsùn kan tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà débi pé láràárọ̀, òun ló kọ́kọ́ máa ń kí, kó tó kí Radojka ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè Tara ní ilẹ̀ Serbia nínú oṣù kìíní, tí yìnyín mu èèyàn dé orúnkún, Radojka gbà. Ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé àárọ̀ méjì péré lòun fún un. Tí òtútù bá ṣì ń mú òun ní àárọ̀ kejì, ọkọ̀ di ilé adìyẹ nìyẹn. Radojka kì í sì í fi ọ̀rọ̀ adìyẹ ṣeré.

Kò sí ohun tí Svetozar ń bẹ̀rù láyé bíi prómájà, afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò kan wọlé tó ń gba òmíràn jáde. Gbogbo ará Serbia ló mọ̀ pé apààyàn ni. Òun ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá Svetozar lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ẹni tó ń fa sìgá páálí méjì lójúmọ́. Sìgá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹnì kan ló ṣí fèrèsé.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe dé òkè ni Svetozar ti gbógun ti ihò. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ dí ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣe sórí òrùlé ọkọ̀, ó fi téèpù lẹ etí fèrèsé, ó ki aṣọ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Páìpù tí èéfín hítà gáàsì ń gbà jáde síta nìkan ló fi sílẹ̀, ìyẹn náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Metka, obìnrin ará Slovenia tí ọkọ̀ tirẹ̀ gbó ju tiwọn lọ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣí ti orí òrùlé bíi tòun, nítorí pé èémí èèyàn méjì àti ooru ìkòkò ẹ̀wà gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Svetozar dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó wọlé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé obìnrin yẹn kò ní rí ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀kán omi kan kán tó sí Radojka nímú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Èémí wọn ti di omi lábẹ́ òrùlé, ó ń kán tó-tó-tó. Bẹ́ẹ̀dì tutù, ìrọ̀rí tutù, yìnyín dì mọ́ fèrèsé nínú. Hítà ń jó kíkankíkan, Radojka ń gbọ̀n. Ó jókòó, ó fi aṣọ borí, ó dá orin:

Òjò ò rọ̀ lóde o,
Inú yàrá ló ti ń rọ̀.
Ọkọ mi dáàbò bò mí,
Mo rin gbingbin, mo rin.

Svetozar fẹ́ sá fún orin náà, àmọ́ ilẹ̀kùn ti dì pa. Ó fi èjìká tì í lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣí. Ó rí Metka tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ nínú ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń mu kọfí. Kò tíì kú.

“Bàbá arúgbó,” Radojka wí látinú ọkọ̀, “àárọ̀ kan ti lọ. Yọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn.”

“Ṣé o fẹ́ di opó ni?”

“Opó tí ara rẹ̀ gbẹ kẹ̀? Mo fẹ́ ẹ. Àbí kí n lọ ra òròmọdìyẹ?”

Láàárín ikú àti adìyẹ, Svetozar yan ikú. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n sì fi gbogbo ọ̀sán sá bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí síwájú hítà. Kó tó sùn, ó dé fìlà onírun, ó fi aṣọ wé ọrùn nígbà mẹ́ta, ó fi ibi tí kóòtù dúdú tí wọn yóò fi sin ín wà han ìyàwó rẹ̀, ó sì nà gbalaja sábẹ́ ihò.

Ní àárọ̀ kejì, Radojka jí, ara rẹ̀ gbẹ, ó móoru dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó nawọ́ kan òrùlé. Ó gbẹ.

“Ọkọ̀ ò di ilé adìyẹ mọ́,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ihò náà ò gbọdọ̀ dí mọ́.”

Svetozar yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá ibi tí ikú gbà wọlé. Kò rí i, ó sì dùn ún díẹ̀. Ló bá jáde lọ ṣàlàyé fún Metka pé afẹ́fẹ́ òkè yàtọ̀, pé ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń pààyàn. Metka ní òótọ́ ni. Ó bu kọfí fún un, ó sì ní kó sún síbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní kàn án.